Ẹni Tó Dá Iṣẹ́ Fèrèsé Dúró

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà ló mú Motọ́lání sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Ó gba ojú fèrèsé wọlé, ó rin àga pálọ̀ gbingbin, ó sì ba aṣọ tuntun tí obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí wọ́n fi bo tìmùtìmù jẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá àwọn fèrèsé ilé náà fà á. Onípákó ni gbogbo wọn, irú èyí tí àwọn òyìnbó ìjọba ṣe sí ilé wọn ní GRA Enugu láyé ìgbà tí èédú ṣì ń lówó lórí: wọ́n ga, wọ́n fẹ̀, wọ́n fi pákó pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tò wọ́n bí eegun ìhà, bí atẹ́gùn bá sì gbá wọn, wọn a dún gbàà. Ikán ti jẹ ẹsẹ̀ ti yàrá. Ti kíṣìnnì kò ṣeé tì mọ́ àfi kéèyàn fi okùn so ó.

“Fèrèsé alumíníọ̀mù onígíláàsì là ń fẹ́ báyìí,” ó sọ fún ọkọ rẹ̀. “Èyí téèyàn á fi ìka kan tì, tí òjò kò sì ní rí ibi gbà wọlé.”

Okwudili, ọkọ rẹ̀, jókòó sídìí rédíò ní fàráńdà. Ó ní, “Àwọn fèrèsé yìí dàgbà jù wá lọ.”

“Wọ́n dàgbà jù wá lọ lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí wọ́n lọ sinmi.”

Ọkùnrin náà kò fèsì. Motọ́lání kà á sí pé ó ti gbà.

Motọ́lání kì í ṣe àlejò ní Enugu. Ìjẹ̀bú-Igbó ni bàbá rẹ̀ ti wá, akọ̀wé ni ní rélùwéè, àdúgbò Uwani níbẹ̀ ni wọ́n sì bí obìnrin náà sí. Nígbà tí ogun abẹ́lé fẹ́ bẹ́, bàbá kó ìyàwó àti ọmọ padà sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ ilé lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ́wọ́, ọkùnrin tí wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan ṣoṣo. Nígbà tí ogun parí tí wọ́n padà dé, ọ̀rẹ́ náà ní àwọn ṣójà ló kó gbogbo ẹrù lọ. Ọjọ́ kan ni ìyá Motọ́lání rí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nílé ìyàwó ọkùnrin náà, aṣọ òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi bò ó. Ọmọ kékeré ni Motọ́lání, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú lọ́jọ́ náà, ó sì rí ojú ìyá rẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni kì í ti gba ohun tí èèyàn bá sọ fún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó di tíṣà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin tó kọ́ ní Uwani mọ̀ pé bí èèyàn bá jí ìwé ẹlòmíràn wò nínú ìdánwò, Miss á ti mọ̀ látinú bó ṣe jókòó.

Okwudili nìkan ni kò fura sí nílé ayé. Ọmọ Enugu ni, ṣùgbọ́n báńkì kan ní Ìbàdàn ló ti ṣiṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀, Yorùbá tó kọ́ níbẹ̀ ló sì fi tọrọ ọmọ lọ́wọ́ bàbá Motọ́lání. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n jọ ra ilé náà lọ́wọ́ ìjọba nígbà tí wọ́n ń tà á fún àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Orúkọ àwọn méjèèjì ló wà lórí rẹ̀. Adaora, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wà ní Abuja, òun ló sì ní òun á san owó fèrèsé.

Ọkùnrin tó ń ṣe fèrèsé, Ekene lorúkọ rẹ̀, ó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí Artisan Market. Ó wá, ó wọn gbogbo ojú fèrèsé, ó sì dé pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Ti pálọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ yọ. Wọ́n gbé e sílẹ̀ lórí koríko, eruku ọdún gbọọrọ sì ń bọ́ lára rẹ̀. Wọ́n ń múra àtilọ síbi ti kọ́rídọ̀ nígbà tí ọkọ̀ kan dúró níwájú géètì. Ọkùnrin méjì bọ́ sílẹ̀, ọ̀kan gbé agolo ọ̀dà pupa dání.

“Níbo ni ìwé àṣẹ yín wà?” ni èyí tí kò gbé ọ̀dà bèèrè.

“Ìwé àṣẹ kí ni?” Motọ́lání ní. “Ilé wa nìyí. Fèrèsé là ń pààrọ̀, a kò kọ́lé.”

“Màámà, ilé ìjọba àtijọ́ ni. Àdúgbò yìí wà lábẹ́ òfin. Ẹ kò gbọ́dọ̀ yí ojú rẹ̀ padà láìgba àṣẹ.”

Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí èkejì fi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sára fẹ́ǹsì gàdàgbà pé kí iṣẹ́ dúró. Àwọn tó ń kọjá lọ dẹ ẹsẹ̀ dúró wò. Ekene kó irin iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò. Motọ́lání wo fàráńdà, ibi tí ọkọ rẹ̀ jókòó sí.

“Bàbá Adaora, ṣé ẹ kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí ni?”

“Mo gbọ́,” ni Okwudili fèsì. “Ìjọba ni wọ́n. Ká ṣe é bí wọ́n ṣe ní ká ṣe é.”

Bí ọkọ̀ náà ṣe lọ ni ìbéèrè kan ti jókòó sí obìnrin náà lọ́kàn. Láàárọ̀ yẹn gan-an ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Òpópónà wọn dákẹ́, igi bo ilé lójú, ará ọ́fíìsì kankan kì í sì í kọjá níbẹ̀. Ta ló lọ sọ fún wọn?

Ẹni tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni Lilian, opó kan tó ń gbé ilé kejì. Lánàá ọjọ́ náà ni Lilian yọjú lórí fẹ́ǹsì tó ní, “Ṣé ẹ fẹ́ tún ilé ṣe ni?” Ó fi ẹ̀rín sí i. Nígbà náà, ẹ̀rín lásán ni Motọ́lání pè é. Ní báyìí, ó tún ẹ̀rín náà wò lọ́kàn rẹ̀, kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kí ló kan Lilian? Àbí ìlara ni, nítorí pé ọmọ tirẹ̀ kò rán owó fèrèsé? Nígbà tí Lilian kí i lọ́jọ́ kejì, ó kàn mi orí. Nígbà tó fi ọ̀kpà gbígbóná, oúnjẹ ará Enugu tó jọ mọ́ín-mọ́ín, ránṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣe lópin ọ̀sẹ̀, Motọ́lání dá a padà, ó ní inú ń run òun.

“Inú wo ló ń run ọ́?” Okwudili bi í.

“Inú tí Lilian fún mi.”

“Kí ni Lilian ṣe?”

“Ẹ kò lè mọ̀. Ẹ̀yin kì í wo ojú èèyàn.”

Ọkùnrin náà yí rédíò sókè.

Motọ́lání lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń fúnni níwèé àṣẹ. Ó ti múra ìjà kó tó kúrò nílé. Ó ti gbọ́ nípa irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀: wọ́n á ní kéèyàn lọ, kó bọ̀, wọ́n á ní ọ̀gá kò sí lórí ìjókòó, títí onítọ̀hún yóò fi mọ ohun tí wọ́n ń retí. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Rita ló gbà á lálejò, èèyàn pẹ́lẹ́bẹ́ kan tó wọ awò ojú. Rita fún un ní àga, ó sì ṣàlàyé fún un láìkánjú: kí ẹnì kan ya àwòrán fèrèsé tí wọ́n fẹ́ ṣe, kí wọ́n ya fọ́tò ilé láti ìta, kí àwọn onílé wá fọwọ́ sí i níṣojú òun, lẹ́yìn náà ni àwọn á wá wo ilé.

“Ìyẹn nìkan?” Motọ́lání bèèrè.

“Ìyẹn nìkan ni, Màámà.”

Motọ́lání ń wo ọwọ́ Rita bóyá yóò ṣí dúrọ́ọ̀ fún un láti ju nǹkan sí. Dúrọ́ọ̀ kò ṣí. Èyí gan-an tún kó o lọ́kàn sókè. Ẹni tí kò bèèrè ohunkóhun lónìí, ọ̀la ló ń dúró dè.

“Ọmọ mi, ta ló wá fẹjọ́ wa sùn?”

“A kì í dárúkọ ẹni bẹ́ẹ̀.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Obìnrin ni, àbí?”

Rita rẹ́rìn-ín. “Ẹ dákun, ẹ má fẹ̀sùn kan obìnrin kankan o. Ọkùnrin ni, àgbàlagbà ni. Fóònù ló fi pè. Ohùn rẹ̀ balẹ̀ dáadáa, ó ní wọ́n ti ń yọ ti pálọ̀, kí a tètè wá kí wọ́n tó dé ti kọ́rídọ̀.” Nígbà tó gbọ́ ohun tí ẹnu ara rẹ̀ sọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ìwé orí tábìlì. “Ẹ lọ mú bàbá wá kí wọ́n wá fọwọ́ sí i.”

Nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá tó gbé e padà sílé, Motọ́lání ń ro ọ̀rọ̀ náà bọ̀ lójú ọ̀nà. Fèrèsé kọ́rídọ̀ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé. Lilian kò lè rí i láti ilé rẹ̀, kódà bó gun àga. Ẹni tó pe ọ́fíìsì mọ inú ilé àwọn. Ó sì mọ̀ pé kọ́rídọ̀ ló kàn.

Ó ní kí ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ yà sí Artisan Market. Ekene ń gé irin lọ́wọ́ nígbà tó dé.

“Ekene, ta lo sọ fún pé kọ́rídọ̀ lo máa ṣe tẹ̀ lé pálọ̀?”

“Mummy, mi ò sọ fún ẹnì kankan.” Ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀. Ó nawọ́ sí àwọn férémù tó tò sára ògiri. “Ẹ wò ó, iṣẹ́ yín ló ń gba eruku níbí. Ibi tí mò ń dúró sí ló gbà. Kí ni màá rí nínú kí n dá iṣẹ́ ara mi dúró?”

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, Motọ́lání sì gbà bẹ́ẹ̀ tipátipá. Bó ti yọ Lilian kúrò, tó yọ Ekene kúrò, ẹnì kan ló kù tó jẹ́ ọkùnrin, tó jẹ́ àgbàlagbà, tí ohùn rẹ̀ balẹ̀, tó sì mọ inú ilé náà: Dennis, àbúrò ọkọ rẹ̀.

Dennis máa ń wá kí wọn ní ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, tó ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ ilé ẹjọ́, tó máa ń pe Motọ́lání ní “ìyàwó wa” lédè Igbo. Láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n, kò rí àléébù kan lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Motọ́lání dúró sí kíṣìnnì, ó tẹ́tí. Tẹ́gbọ́n-tàbúrò ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lédè Igbo. Motọ́lání gbọ́ Igbo bí ẹni tí wọ́n bí sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn wọn lọ sílẹ̀ jù. Ó gbọ́ “ilé”. Ó gbọ́ “kó tó mọ̀”. Nígbà tó gbé omi wọlé, wọ́n dákẹ́ lójijì, Dennis sì bẹ̀rẹ̀ sí í yin òjò.

“Ìyàwó wa, òjò ọdún yìí pọ̀ o.”

“Ó pọ̀,” ni Motọ́lání fèsì, ó sì gbé omi náà sílẹ̀ le ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tó tún wá dá kún un ni pé Okwudili kò lọ fọwọ́ sí ìwé. Lónìí, ẹ̀yìn ń ro ó. Lọ́la, oòrùn mú jù. Lọ́jọ́ mìíràn, ó ní kí ìyàwó òun gba ìwé náà wá sílé kí òun fọwọ́ sí i níbẹ̀. Motọ́lání sọ fún un pé níṣojú Rita ni. Okwudili ní, “A ó máa wò ó.” Ọkùnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ìwé falẹ̀ láyé rẹ̀, tó lo ọdún gbọọrọ ní báńkì.

Báyìí ni ọkàn Motọ́lání ṣe ń to ọ̀rọ̀ lé ara wọn lórí. Wọ́n fẹ́ ta ilé náà ni. Bí ẹni tó fẹ́ rà á bá máa wó o, kí ni wọ́n tún ń pààrọ̀ fèrèsé fún? Tàbí kẹ̀, Dennis ti rí ọ̀nà fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, bí òun bá sì mú Okwudili dé ọ́fíìsì, àṣírí á tú. Ó lọ ṣí àpótí, ó kó gbogbo ìwé ilé, ó sì tò wọ́n sínú báàgì ọwọ́ rẹ̀. Ibi tó bá ń lọ ni báàgì ń lọ, ọjà ni o, ṣọ́ọ̀ṣì ni o. Nígbà tó bá ń wẹ̀, ó máa ń gbé e kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Ó mọ̀ pé bí ìyá òun ṣe ń wo ọ̀rẹ́ bàbá òun lẹ́yìn ogun ni òun ń wo ọkọ òun báyìí. Ìyẹn dùn ún ju gbogbo rẹ̀ lọ, kò sì lè dá a dúró.

Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó dá ọgbọ́n kan. Ó sọ fún Okwudili lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé òun ń lọ sí Artisan Market, pé iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀, ilẹ̀ á ti ṣú kí òun tó padà. Ó wọ kẹ̀kẹ́ níwájú géètì, kó lè gbọ́ ìró rẹ̀. Bí wọ́n ṣe yí kọ́nà, ó sọ̀kalẹ̀. Ó gba ẹ̀yìnkùlé padà, ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó sì wọlé láìjẹ́ kí ilẹ̀kùn dún.

Ohùn Dennis ló kọ́kọ́ gbọ́. Inú fóònù ló ti ń jáde, Okwudili ti ṣí i síta.

“Mo ti sọ fún ẹ,” Dennis ń wí lédè Igbo. “Obìnrin yẹn kì í ṣe ọmọdé. Lọ́jọ́ tó bá mọ̀, kò ní dárí jì wá.”

“Jẹ́ kí òjò yìí kọjá ná,” ni Okwudili wí. “Kó jẹ́ ti kọ́rídọ̀ nìkan ló kù, n kò kọ̀.”

Motọ́lání fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ó gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ pa fóònù, ó sì yọjú sí kọ́rídọ̀ láti wò ó.

Okwudili ń rìn bọ̀ láti yàrá. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lára ògiri. Bó bá dé ibi fèrèsé kan, ìka rẹ̀ á gun orí pákó, á fọwọ́ pa á díẹ̀, ìgbà náà ni yóò gbé ẹsẹ̀ tó kàn. Oòrùn gba àárín àwọn pákó náà wọlé, ó fa ìlà funfun sílẹ̀ láti ìhín dé ọ̀hún, ọkùnrin náà sì tẹ orí ba, ó ń tẹ̀ lé ìlà wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Kò ṣìṣe. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé pálọ̀, níbi tí wọ́n ti fi tapólì bo ojú fèrèsé tí wọ́n yọ, ó dúró. Ó na ọwọ́ síwájú, kò rí nǹkan fọwọ́ bà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, orúnkún rẹ̀ sì kọ lu tábìlì. Ife tó wà lórí rẹ̀ ṣubú. Kò gbin. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wá ife náà nílẹ̀ káàkiri, ife sì wà níwájú rẹ̀ gbangba.

Motọ́lání kò mọ̀gbà tó rìn jáde. Okwudili gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó gbé ojú sókè.

“Ta ló wà níbẹ̀?”

Iwájú rẹ̀ gan-an ni obìnrin náà dúró sí, ní ọ̀sán gangan. Kò dáhùn. Ó gbé ọwọ́ sókè lójú ọkùnrin náà, ó mì í. Ojú náà kò ṣẹ́.

“Ta nìyẹn? Ẹ dáhùn, ẹ jọ̀ọ́.”

“Èmi ni, Bàbá Adaora.”

Okwudili jókòó sílẹ̀ níbi tó bẹ̀rẹ̀ sí.

“O ní o ń lọ sọ́jà,” ó wí.

“Mo parọ́ fún yín.” Motọ́lání náà jókòó sílẹ̀. “Láti ìgbà wo?”

“Ó ti pẹ́. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. Dókítà kan sọ fún mi nígbà kan pé ìfúnpá inú ojú mi ń ga, pé kí n máa padà wá gba oògùn. N kò padà. Ó kọ́kọ́ mú ẹ̀gbẹ́ ojú lọ, mo ní kò burú. Ní báyìí, mo ń rí ìmọ́lẹ̀, mo ń rí òjìji. Ojú èèyàn, n kò rí i mọ́.”

“Ẹ kò rí ojú mi?”

“N kò rí i.”

Motọ́lání kò gbà á gbọ́. Kì í ṣe pé kò fẹ́ gbà á gbọ́, àìgbàgbọ́ ló ti mọ́ ọn lára. Ó bọ́ gèlè orí rẹ̀, ó nà án síwájú. “Àwọ̀ wo nìyí?”

“Ìyá Adaora, n kò mọ̀. O lè bi mí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.”

Ìgbà yẹn ni omi bọ́ lójú Motọ́lání. “Ẹ̀yin lẹ pe àwọn ará ọ́fíìsì.”

“Èmi ni. Bí wọ́n ṣe ń fi òòlù lu ti pálọ̀, mo wọ yàrá, mo pè wọ́n. Dennis ló bá mi wá nọ́ńbà wọn lọ́jọ́ kan tí mo bi í bóyá wọ́n ṣì ń ṣọ́ àwọn ilé yìí. Kò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Láti ìgbà tó ti mọ̀ ló ti ń bẹ̀ mí kí n sọ fún ọ.”

“Nítorí fèrèsé?”

“Fèrèsé ni mo fi ń rìn.” Ó wí i pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọ iléèwé. “Ti pálọ̀ ń dún lọ́tọ̀, ti kọ́rídọ̀ ń dún lọ́tọ̀. Bí oòrùn bá gba àárín wọn, mo ń rí àwọn ìlà yẹn nílẹ̀, mo mọ ibi tí mo wà. Bí o bá fi gíláàsì sí i, gbogbo ilé á funfun bákan náà. Inú ìkùukùu ni màá wà nínú ilé ara mi.”

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?”

“Ká ní mo sọ, wàá pe Adaora. Adaora á ní ká kó wá sí Abuja. Wọ́n á gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n á máa fà mí kiri. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé èmi ni mò ń rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ fún ìgbà díẹ̀.”

Motọ́lání bínú. Ó jẹ́ kó mọ̀ pé òun bínú. Ó ka gbogbo rẹ̀ fún un: Lilian tí òun dá ọ̀kpà rẹ̀ padà, Ekene tí òun lọ fi ẹ̀sùn kàn níṣojú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀, Dennis tí òun ti sọ di olè lọ́kàn òun. Ó sọ ti báàgì pàápàá.

“Ìwé ilé ló wà nínú báàgì yẹn?” Okwudili bèèrè. “Mo ń gbọ́ tó ń dún nínú balùwẹ̀. Mo rò pé o ti ní nǹkan tí o ń fi pa mọ́ fún mi.”

Wọ́n wo ara wọn bó ṣe ṣeé wò. Ẹ̀rín kékeré kan fẹ́ jáde, kò sì jáde tán.

Wọ́n lọ sílé ìwòsàn ojú kí wọ́n tó lọ sí ọ́fíìsì kankan. Dókítà bá wọn wí díẹ̀. Ó ní èyí tó ti lọ ti lọ, kò ní padà, ṣùgbọ́n bó bá ń kán oògùn sí i láàárọ̀ àti lálẹ́ láìgbàgbé, ìwọ̀nba ìmọ́lẹ̀ tó kù lè dúró pẹ́. Motọ́lání gba oògùn náà sọ́wọ́ ara rẹ̀. Okwudili ní òun lè kán an fúnra òun. Obìnrin náà ní òun kò sọ pé kò lè ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ lọ bá Rita. Wọ́n ti jókòó tán, Okwudili sì ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Rita tó ń kọ̀wé gbé orí sókè kíá. Ó wo ọkùnrin náà, ó wo ìyàwó rẹ̀. Motọ́lání rí i pé ó ti dá ohùn náà mọ̀. Rita dìde, ó yí tábìlì po, ó fi ìka Okwudili sí ibi tó yẹ kó fọwọ́ sí, ó sì dúró tì í títí tó fi kọ orúkọ rẹ̀ tán, orúkọ tó dùn-ún wò gan-an, bó tilẹ̀ gun òkè díẹ̀ kúrò lórí ìlà.

Ohun tí wọ́n tọrọ àṣẹ fún ti yàtọ̀ báyìí. Ti yàrá àti ti kíṣìnnì ni wọ́n á fi alumíníọ̀mù ṣe. Ti pálọ̀ àti ti kọ́rídọ̀, pákó tuntun ni wọ́n fẹ́, kó rí gẹ́gẹ́ bí ti àtijọ́. Àwọn tó wá wo ilé ní ó dáa bẹ́ẹ̀, kódà ó dùn mọ́ wọn. Nígbà tí àṣẹ jáde, Ekene mú kápẹ́ńtà kan wá láti Artisan Market, ọkùnrin tó fi sùúrù tẹ́tí sí Okwudili bó ṣe ń sọ bí fèrèsé kọ̀ọ̀kan ṣe gbọ́dọ̀ dún. Wọ́n ká tapólì kúrò. Wọ́n gbé ti pálọ̀ sí ààyè rẹ̀, Okwudili sì tì í, ó ṣí i, ó tún tì í. Ó ní ó le díẹ̀, òjò á mú un bá ara mu.

Motọ́lání lọ bẹ Lilian. Lilian jẹ́ kó sọ gbogbo rẹ̀ tán, lẹ́yìn náà ló ní, “Madam, ọdún tí mo ti ń gbé ẹ̀gbẹ́ yín kò kéré. Ṣé irú èèyàn tí ẹ mọ̀ mí sí nìyẹn?” Wọ́n ti ń kí ara wọn padà báyìí, ṣùgbọ́n kíkí náà kò gùn bíi ti tẹ́lẹ̀, obìnrin náà kò sì ní ẹni tó máa dá lẹ́bi bí kò ṣe ara rẹ̀. Ní ti Dennis, kò sọ fún un pé òun fura sí i. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹran púpọ̀ fún un ní ọjọ́ Àìkú, Dennis sì ń jẹ ẹ́ láìbèèrè ohun tó fà á.

Okwudili fúnra rẹ̀ ló sọ fún Adaora. Ó ní kí Motọ́lání pè é lórí fóònù tó ń gbé àwòrán, kó gbé e síwájú òun. Ọmọ náà sunkún, ó bá a jà, ó tún sunkún. Ó ní òun ń bọ̀ ní ìparí oṣù. Kò dárúkọ Abuja, bóyá ìyá rẹ̀ ti bá a sọ ọ́ ṣáájú, bóyá kò sì sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dákẹ́, ó sún mọ́ fóònù, ojú rẹ̀ sì kún gbogbo ojú fóònù.

“Daddy, ṣé ẹ ń rí mi?”

Okwudili tẹjú mọ́ fóònù náà. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ hàn sí i lójú. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Mo ń rí ọ, ọmọ mi. O ti sanra díẹ̀.”

Adaora bú sẹ́rìn-ín nínú omijé. Motọ́lání wo ojú ọkọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò sì lè sọ bóyá òótọ́ ni àbí ó fi tu ọmọ nínú ni. Kò bi í.